Owó ìpolówó ń lọ, oníbàárà ò wọlé: ta ló ń tẹ̀ ẹ́?

Oníbátìrì:

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo kí yín o. Inverter, bátìrì àti páànẹ́lì sólà ni mò ń tà n'Íbàdàn, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Dùgbẹ̀. Láti ìgbà tí owó iná Band A ti di ₦225 fún yúnìtì kan lóṣù Igbe 2024 ni àwọn èèyàn ti ń béèrè sólà gan-an, ni mo bá ní kí èmi náà ṣe ìpolówó lórí Google, èyí tí èèyàn ń sanwó fún bí wọ́n bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́. ₦5,000 lójúmọ́ ni mo kọ síbẹ̀. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo rí iye wọn. Ṣùgbọ́n fóònù mi kì í dún. Ẹni tó bá sì pè, á ní ṣé mo lè wá bá òun tún AC ṣe. Lọ́jọ́ kan, owó tó lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ₦5,000 tí mo kọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àwọn tá a jọ ń tajà ló ń tẹ̀ ẹ́ kí owó mi lè tán. Òmíràn ní kí n kó gbogbo ẹ̀ lọ sí Facebook. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan yìí ń ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí?

* * *

Akéde:

Ọ̀gá mi, ẹni tó ní kí ẹ wá bá òun tún AC ṣe yẹn ló gbé ìdáhùn dání. Mi ò tíì rí àkáǹtì yín, ṣùgbọ́n mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé “inverter” lásán ni keyword tí ẹ kọ síbẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí ìpolówó yín máa yọ sí, ẹ sì fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a ní broad match, tó ń gba ohunkóhun tó bá fara jọ ọ̀rọ̀ náà wọlé.

Ẹ wò ó. AC kan wà tó ń jẹ́ inverter AC. Fíríìsà wà tí wọ́n kọ inverter sí lára. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kì í pariwo, inverter generator lorúkọ tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin, inverter welding machine. Ẹ wá fi akẹ́kọ̀ọ́ Poly tó ń wá “inverter circuit diagram pdf” kún un, àti ọmọkùnrin tó ń wá “inverter technician job in Ibadan”. Gbogbo wọn ni ẹ ń sanwó fún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jí yín lówó. Ẹ̀yin lẹ pè wọ́n, wọ́n sì jẹ́ yín.

Ẹ wọ inú àkáǹtì lónìí. Ẹ má ṣí Search keywords, ohun tí ẹ̀yin kọ ló wà níbẹ̀. Search terms ni kí ẹ ṣí, ibẹ̀ ni ohun tí àwọn èèyàn tẹ̀ gan-an wà kí ìpolówó yín tó yọ sí wọn. Kò ní fi gbogbo ẹ̀ hàn yín, torí láti oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2020 ni Google ti ń fi àwọn tí kò pọ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ máa rí ti tó láti bà yín nínú jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ kò fẹ́, negative keywords: AC, air conditioner, fridge, freezer, generator, welding, repair, diagram, pdf, job, vacancy, salary, training, how to. Tí ẹ kò bá ń ta tòkunbọ̀, ẹ kọ tokunbo àti fairly used mọ́ ọn. Ẹ kọ “job”, kí ẹ sì tún kọ “jobs”, nítorí pé níbi ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ̀, ẹ̀rọ kì í bá yín fi ẹyọ mọ ọ̀pọ̀. Ẹyọ tí ẹ bá kọ̀ nìkan ló máa dí.

Èrò tèmi lórí iṣẹ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ, mo sì ń sọ ọ́ níbi gbogbo: ohun tí ẹ bá kọ̀ ló ń pinnu ohun tí owó yín máa rà. Àwọn tó ń kọ́ni sábà máa ń lo gbogbo àkókò wọn lórí ohun tí ẹ máa yàn. Ti kíkọ̀, wọ́n á sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, wọ́n á kọjá lọ.

* * *

Ọmọ Dátà:

Ẹ̀gbọ́n Akéde, ẹ má bínú o, ayé àtijọ́ lẹ ṣì wà. Broad match pẹ̀lú smart bidding, níbi tí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ti ń pinnu iye tó máa dá lórí títẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n ń lò báyìí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀kọ́. Tí ẹ bá ń dí ọ̀nà mọ́ ọn, báwo ló ṣe máa mọ ẹni tó fẹ́ rà?

* * *

Akéde:

Àbúrò, mi ò bá ẹ jà. Ẹ̀yà méjì ló wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní kéèyàn di gbogbo nǹkan mú fúnra ẹ̀: exact match (kí ohun tí wọ́n wá ní ìtumọ̀ kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ), iye owó títẹ̀ tí èèyàn fọwọ́ kọ, kí ẹ̀rọ má dá ohunkóhun ṣe. Àwọn kejì ní ẹ̀rọ ti gbọ́n jù wá lọ, torí náà kéèyàn ṣílẹ̀kùn gbayawu, kó lọ sùn. Àwọn méjèèjì ló ní àkáǹtì tí wọ́n lè fi jẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rọ yẹn fi ń kọ́ ẹ̀kọ́? Conversion ni, ìyẹn ohun tí ìwọ fúnra ẹ sọ fún un pé “bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ó ti yọrí sí rere”. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ta bàtà káàkiri Amẹ́ríkà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀ lóṣù. Oníbátìrì wa, tó bá ta sẹ́ẹ̀tì mélòó kan lóṣù, á dúpẹ́. Ẹ̀kọ́ wo ni ẹ̀rọ fẹ́ kọ́ nínú ìwọ̀nba yẹn?

Èyí tó tún burú ni pé ọ̀pọ̀ àkáǹtì tí mo ń rí, kò sí ẹni tó jókòó ro ohun tó yẹ kó pè ní conversion. Mo rí ti ọlọ́jà kan tó jẹ́ pé ṣíṣí ojú-ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n kà sí àṣeyọrí. Ẹ̀rọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún un tọkàntọkàn: ó wá àwọn tí wọ́n máa ń ṣí ojú-ewé kiri, tí owó wọn sì rọ̀ jù. Ajá ọdẹ tí ẹ bá ń fún léegun nígbàkígbà tó bá gbé aláǹgbá wálé, aláǹgbá ni yóò máa gbé wá. Bọ́tìnnì WhatsApp àti ti ìpè ni kí ọlọ́jà kékeré kọ́kọ́ máa kà. Tó bá sì lágbára díẹ̀, kó máa dá ìròyìn títà padà sínú àkáǹtì lóṣooṣù, kí ẹ̀rọ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó béèrè àti ẹni tó sanwó.

Nígbà tí ìyẹn bá ti pọ̀ tó, Ọmọ Dátà, kí wọ́n lo broad match tìẹ. Títí dìgbà náà, phrase match (kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yín wà nínú ohun tí wọ́n wá) àti exact match ni mo máa ní kí ọ̀gá wa lò: “inverter and battery price”, “3.5kva inverter ibadan”, “solar installer in ibadan”. Àwọn tó ṣì ń fi àmì + síwájú ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nígbà yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀, ó ti kógbá wọlé láti 2021.

* * *

Ọmọ Dátà:

Ó yé mi níbi ti conversion yẹn. Performance Max, èyí tí ẹ̀rọ ń dá ṣe fúnra ẹ̀, ńkọ́?

* * *

Akéde:

₦5,000 lójúmọ́ kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó ń tú owó sí Search, YouTube, Gmail, Maps àti àwọn sáìtì míì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ tó ń mú owó wọlé fún un kò gbọ́dọ̀ lọ síbi tí owó ẹ̀ á ti fọ́n ká báyẹn.

* * *

Akéde:

Mo gbàgbé ìbéèrè méjì tí ọ̀gá wa béèrè.

Ti owó tó lọ ju ₦5,000 lọ. Òfin wọn ni, wọ́n sì kọ ọ́ síta. Google lè ná tó ìlọ́po méjì owó ojoojúmọ́ yín lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, kó sì ná díẹ̀ lọ́jọ́ tí ọjà bá tutù. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ni iye náà lọ́nà 30.4 láàárín oṣù kan. ₦5,000 yín kò lè ju ₦152,000 lọ lóṣù. Ọjọ́ tí iná bá lọ káàkiri ìlú, tí gbogbo èèyàn ń fi ìwọ̀nba charge tó kù nínú fóònù wá inverter, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ná a jù. Tèmi ò lòdì sí i, torí ọjọ́ yẹn náà ni ẹ máa tà. Kí ẹ kàn wà nítòsí fóònù.

Ti ẹni tí ẹ jọ ń tajà. Ó lè jẹ́ òótọ́, àwọn èèyàn ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n ka àwọn tí mo fura sí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni màá kọ orúkọ ẹ̀ sí. Google ń ṣẹ́ irú títẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò, kì í gba owó fún èyí tó bá dá mọ̀. Òpó kan wà tí ẹ lè fi kún tábìlì yín, Invalid clicks ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ máa rí iye tí wọ́n ti yọ. Àwọn kan á ní kí ẹ dí IP ẹni náà, ìyẹn nọ́ńbà tó fi ń jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àyè 500 sì wà fún un lórí campaign (ètò ìpolówó) kọ̀ọ̀kan. Lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ó lè ṣiṣẹ́. Lórí fóònù nílẹ̀ yìí ńkọ́? Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn tó ń lo MTN tàbí Glo ló ń jáde lórí IP kan náà, IP ọ̀hún sì ń yí padà. Ẹ dí ọ̀tá kan, ẹ ti dí gbogbo àdúgbò mọ́ ọn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́, ọ̀tá ti gba ẹnu-ọ̀nà míì wọlé.

* * *

Ìyá Tútù:

Ẹ ṣeun o. Èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹja dídì ni mò ń tà. Ṣé ẹni tó lówó jù ló máa ń wà lókè ni? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu.

* * *

Akéde:

Mà, bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Bill Gross, ló gbé e jáde ní 1998 lórí sáìtì kan tó ń jẹ́ GoTo.com: ẹni tó bá dá owó tó pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ kan, òun ló wà lókè. Gbàǹjo tààrà. Wọ́n yí orúkọ ẹ̀ sí Overture, Yahoo sì rà á ní 2003. Google bẹ̀rẹ̀ AdWords tiwọn ní 2000. Nígbà tí àwọn náà gba ètò kí wọ́n máa sanwó lórí títẹ̀ ní 2002, wọ́n fi nǹkan kan kún un: bí àwọn èèyàn bá ṣe ń tẹ̀ ìpolówó rẹ tó. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọlọ́jà kékeré rí àyè.

Ká ní ẹnì kan dá ₦400 lórí “frozen fish home delivery”, àmọ́ ìpolówó ẹ̀ ń sọ nípa gbogbo oúnjẹ lábẹ́ ọ̀run, ojú-ewé ẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó ṣí. Ẹ fún un ní 4 nínú 10. Ẹ̀yin dá ₦250, ìpolówó yín sọ ẹja tí ẹ ní àti iye tó jẹ́, ojú-ewé yín ṣí kíá. Ẹ fún ara yín ní 8. 400 lọ́nà 4 jẹ́ 1,600. 250 lọ́nà 8 jẹ́ 2,000. Ẹ̀yin lẹ wà lókè, ẹ kò sì ní san ₦250 pé pérépéré dandan, ìwọ̀n tó tó láti borí ẹni tó tẹ̀ lé yín ni. Ìṣirò tí ẹ̀rọ ń ṣe gangan díjú ju èyí lọ, àmì 1 sí 10 tí ẹ máa rí lójú àkáǹtì sì wà fún àmọ̀dájú tiyín lásán, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà ronú nìyẹn.

Kò wá túmọ̀ sí pé ó dára fún ẹja o. Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá àwọn ará àdúgbò yín ń wá ẹja lórí Google. Ojú-ewé Google Business Profile, èyí tó ń gbé ṣọ́ọ̀bù yín sí orí Maps, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fìyẹn bẹ̀rẹ̀.

* * *

Oníbátìrì:

Ọ̀gá Akéde, mo ti wọ Search terms. Ẹnu yà mí. “Inverter freezer price”, ó pọ̀ bí ilẹ̀. “How to repair inverter”. Ẹnì kan tiẹ̀ tẹ̀ “inverter AC vs normal AC”! Mo ti ń kọ̀ wọ́n láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn títẹ̀ kan wà tí kò sí nínú Search terms rárá, wọ́n sì ti gba owó.

* * *

Akéde:

Ẹ lọ wo Settings. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi àmì sí kí ẹ tó dé, ẹni tó bá ń kánjú kì í rí wọn.

Display Network ni àkọ́kọ́. Tó bá wà ní títàn, ìpolówó yín ń jáde lórí àwọn sáìtì ìròyìn àti inú géèmù orí fóònù. Ọmọ ọdún mẹ́fà gba fóònù ìyá ẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ lépa ọkọ̀, ìka ẹ̀ kan ìpolówó inverter. Ẹ ti sanwó, ọmọ náà sì ń ké pé géèmù òun bàjẹ́. Ẹ pa á. Search partners, ìyẹn àwọn sáìtì míì tó ń bá Google fi ìpolówó hàn fún ẹni tó ń wá nǹkan, ẹ pa òun náà ná. Tí nǹkan bá ti dúró, ẹ lè dán an wò padà.

Auto-apply recommendations tẹ̀ lé e. Tó bá wà ní títàn, àwọn àmọ̀ràn tí ẹ kò kà yóò máa wọlé fúnra wọn, títí kan keyword tuntun. Wọ́n á tún fi ìdá ọgọ́rùn-ún kan hàn yín lókè, Optimization score, bíi máàkì ìdánwò. Mo mọ àwọn tó ń sáré kó lè di 100. Máàkì yẹn kì í san owó ṣọ́ọ̀bù.

Ìkẹta ni Location. Ẹ yan Ìbàdàn, àbí? Ẹ tẹ Location options sísàlẹ̀. “Presence or interest” ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó wà n'Íbàdàn àti ẹni tó kàn ń fi ìfẹ́ hàn sí Ìbàdàn láti ibikíbi láyé. Ẹ sọ ọ́ di “Presence”.

* * *

Ará Peckham:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé wa dànù o! London ni mo wà, orí Google ni mo ti rí ẹni tó gbé inverter sílé màmá mi ní Bódìjà. Tó bá jẹ́ ẹni tó wà n'Íbàdàn nìkan ló ń rí ìpolówó ẹ̀, a ò bá má pàdé.

* * *

Akéde:

Òótọ́ lẹ sọ, mo sì dúpẹ́ pé ẹ dá sí i. Ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn gan-an tí kò fi yẹ kí wọ́n da yín pọ̀ mọ́ ará Ìbàdàn. Kí ọ̀gá wa ṣí campaign kejì fún UK nìkan, owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, keyword tí orúkọ ìlú wà nínú ẹ̀ dandan: “inverter installation ibadan”, “solar for parents house ibadan”. “Inverter” lásán ní London, ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ sólà òyìnbó ni, ẹ kò ní bá wọn jà bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ máa bá du “installation ibadan” níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá wọn sọ náà yàtọ̀. Ará Ìbàdàn fẹ́ mọ iye tó jẹ́ àti bóyá ẹ lè gbé e wá lónìí. Ẹni tó wà lókè òkun ń bẹ̀rù pé wọ́n á gbowó òun jẹ. Ẹ fi hàn án pé ẹ máa ya fọ́tò iṣẹ́ ránṣẹ́ bí ẹ bá ṣe ń ṣe é, pé màmá lè bá a sọ̀rọ̀ lórí video call kí ó tó san èyí tó kù, pé rìsíìtì wà. Àwọn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ná ọjà. Ará Peckham, ẹ má bínú, mi ò ní kí wọ́n wá fowó lé e fún yín.

* * *

Aláṣọ Òkè:

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, ìyà ara lásán ni. Ìsẹ́yìn ni mo wà, Facebook àti Instagram ni mò ń lò, àwọn ìyàwó tuntun ń bọ̀ lójoojúmọ́. Mi ò mọ keyword kankan.

* * *

Akéde:

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ ń ṣe dára fún ọjà tí ẹ ń tà. Aṣọ òkè aláró tí èèyàn kò rí rí, báwo ló ṣe máa wá a? Ojú ló ń ra aṣọ. Ẹ gbé e síwájú ẹni tó ń ṣètò ìgbéyàwó, ọkàn ẹ̀ fà sí i, ó tẹ WhatsApp. Lórí Facebook, ẹ̀yin lẹ lọ bá oníbàárà nílé ẹ̀. Lórí Google, òun ló dìde wá yín. Kò sẹ́ni tó ń wo fọ́tò inverter nídàájí kí inú ẹ̀ máa dùn. Ọjọ́ tí ooru bá mú un lóru ló ń wá a, ọjọ́ yẹn ló sì fẹ́ rà á.

Mo ní ìjà kékeré kan pẹ̀lú yín, ibi tí ẹ ti ń ka títẹ̀. Lórí Facebook, bí ìpolówó bá ṣe ń jáde sójú èèyàn ni wọ́n sábà ń gbowó, títẹ̀ wulẹ̀ jẹ́ ìṣirò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tó wà lórí òpó yẹn: “Clicks (all)” ń ka ẹni tó fi àmì ọkàn sí i, ẹni tó tẹ “See more”, ẹni tó tẹ fọ́tò kó lè tóbi. “Link clicks” ni àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lóòótọ́. Mo ti rí ẹni tó ń yangàn pé títẹ̀ òun pọ́ọ́kú, “all” ló ń kà.

* * *

Akéde:

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Oníbátìrì, torí a ò tíì kan ibi tí owó ti ń ṣòfò jù lẹ́yìn keyword: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn títẹ̀.

Ọ̀gá mi, ẹ kọ iye ọjà yín sínú ìpolówó. Mo mọ̀ pé ìjà máa bẹ́ síbí. Àṣà tiwa ni “ẹ kàn sí wa fún iye ẹ̀”, a rò pé tí èèyàn bá ti wá, a máa yí i lọ́kàn padà. Ìyẹn dára nínú ṣọ́ọ̀bù tí ìwọlé jẹ́ ọ̀fẹ́. Níbi tí ẹ ti ń sanwó fún gbogbo ẹni tó bá yọjú, iye ọjà ni asọ́nà yín. Ẹni tó ní ₦80,000 lọ́wọ́ rí i pé sẹ́ẹ̀tì yín ju mílíọ̀nù kan lọ, ó kọjá lọ láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ kò san kọ́bọ̀. Òótọ́ ni pé iye tó ń tẹ̀ yóò wálẹ̀, ìyẹn sì lè kan ipò yín díẹ̀. Mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Àyè tí wọ́n fún yín: àkọlé 15, lẹ́tà 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àlàyé 4, lẹ́tà 90. Google ló ń tò wọ́n pọ̀, torí náà ẹ so àkọlé tí iye ọjà wà nínú ẹ̀ mọ́ ipò kan kó má baà sọnù. Ẹ má kọ “best quality”, gbogbo ayé ló kọ ọ́. Ẹ kọ “Installed in Ibadan Today” tí ẹ bá lè ṣe é.

Kí títẹ̀ má sì gbé wọn lọ sí ojú-ewé àkọ́kọ́ tí gbogbo ọjà wà. Ẹni tó wá 3.5kVA, ojú-ewé 3.5kVA ni kó bọ́ sí: fọ́tò kan tí kò wúwo, iye ẹ̀, ohun tó lè gbé nínú ilé, bọ́tìnnì WhatsApp. Dátà ń jó o, ẹni tó wà lórí Glo ní Apẹtẹ kò ní dúró de fọ́tò mẹ́wàá kó tó ṣí.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sínú líǹkì WhatsApp náà. Líǹkì wa.me gbà kí ẹ fi “?text=” kún un, kí ọ̀rọ̀ ti wà nínú àpótí kí oníbàárà tó débẹ̀. Campaign Ìbàdàn: “Ẹ káàárọ̀, mo fẹ́ inverter 3.5kVA.” Campaign UK: “Mo fẹ́ ṣe sólà fún ilé àwọn òbí mi.” Ẹ kò ní béèrè mọ́ pé níbo lẹ ti rí wa, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti sọ ọ́. Kí ẹ sì dáhùn. Mo wo fóònù ọlọ́jà kan báyìí: “Good afternoon, is this available?”, 1:12 ọ̀sán. Èsì ẹ̀, “Yes ma”, 5:40 ìrọ̀lẹ́. Ẹni náà ti sanwó fún ẹlòmíì kí ọwọ́ ọlọ́jà wa tó balẹ̀. Tí ẹ bá ń ti ṣọ́ọ̀bù lágogo mẹ́fà, tí kò sì sẹ́ni tí yóò máa dáhùn, ẹ fi Ad schedule pa ìpolówó náà lágogo mẹ́fà.

* * *

Oníbátìrì:

Mo ti gbọ́. Èló wá ni kí n máa san fún títẹ̀ kan? Ẹnì kan ní ₦100, ẹnì kan ní ₦2,000.

* * *

Akéde:

Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, inú ìwé ọjà yín ló wà. Ká ní èrè yín lórí sẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ₦120,000. Ká ní nínú 100 tó tẹ̀ ẹ́, 12 kọ̀wé sí yín, 2 rà á. Títẹ̀ 100 mú ₦240,000 wá, ìyẹn ni pé títẹ̀ kan tó ₦2,400 fún yín, tí ẹ bá san ₦2,400, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ ṣe. Tí ẹ bá ní ìdá kan nínú mẹ́ta èrè ni kí ìpolówó jẹ, ₦800 ni òpin yín. Bí 2 bá di 1 torí pé ẹ kì í tètè dáhùn, ₦400. Ẹ rí i pé fóònù tí ẹ kò gbé ló ń pinnu iye tí ẹ lè dá sí gbàǹjo.

Pẹ̀lú ₦5,000 lójúmọ́ ní ₦800, títẹ̀ bíi mẹ́fà ni. Kí ó tó pé 100, á gbà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta dájọ́, tó ń yí keyword lónìí, tó ń yí owó lọ́la, kò ní mọ ohun tó ṣiṣẹ́ láé.

Ẹ ka VAT mọ́ ọn. Láti oṣù Ṣẹẹrẹ 2022 ni Facebook ti ń fi 7.5% kún owó ìpolówó nílẹ̀ yìí, ẹ wo ìwé owó yín lórí Google náà kí ẹ fi kún ìṣirò. Náírà ni kí ẹ fi ṣí àkáǹtì, torí owó tí ẹ bá yàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ṣeé yí mọ́. Àwọn tó ṣí i ní dọ́là rí màbo nígbà tí wọ́n jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lóṣù Okúdù 2023. Òfin ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó nílẹ̀ yìí, ti 2022 náà wà nílẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ti íntánẹ́ẹ̀tì kò sì yọ sílẹ̀. Lóṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn ni ARCON gbé Meta, tó ni Facebook, lọ sílé ẹjọ́, ₦30 bílíọ̀nù ni wọ́n béèrè. Ọlọ́jà kékeré kọ́ ni wọ́n ń lé kiri, ṣùgbọ́n ẹ má kọ “bátìrì wa kò ní bàjẹ́ láéláé” síbẹ̀.

* * *

Oníbátìrì:

Ìkan péré ló kù. Ọmọ kan ló bá mi ṣí àkáǹtì yìí, orí email tirẹ̀ ló wà. Ohun tí mo ti ń wò, tí mo sì ti ń yí láti ọjọ́ yìí, òun ló ń jẹ́ kí n wọlé. Ó ní tí mo bá ṣì fẹ́ máa yí nǹkan lọ, kí n fi owó kún tòun.

* * *

Akéde:

Á à, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀gá mi. Kí ọmọ náà fún email yín ní Admin, ìyẹn àṣẹ kíkún, Read-only, ti wíwò lásán, kò tó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò ná an lówó. Tó bá fẹ́ máa bá yín ṣiṣẹ́ lọ, kí ẹ̀yin ni ẹ ní àkáǹtì, kí òun so ó mọ́ manager account tirẹ̀, èyí tí èèyàn fi ń bójú tó àkáǹtì àwọn oníbàárà ẹ̀, bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́, ẹ lè já a.

Tó bá kọ̀, ẹ má bá a jà lónìí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ṣì lè wọlé wò ó, ẹ wa Search terms jáde sí Excel láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wa àwọn negative keyword tí ẹ kọ láàárọ̀ jáde pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí àkáǹtì tuntun lórúkọ yín, ní náírà, kí ẹ kó àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ̀ yẹn síbẹ̀ kí ẹ tó kọ keyword kan ṣoṣo.